Àrọ̀ 1,000 nínú kòtò: níbo gan-an ni èrè wà?

Ẹni tó ń béèrè

Ilẹ̀ kan wà lọ́wọ́ mi lẹ́yìn Ìkòròdú, púlọ́ọ̀tì kan ààbọ̀, odò kékeré kan ń ṣàn kọjá nísàlẹ̀ rẹ̀. Mo fẹ́ gbẹ́ kòtò síbẹ̀ kí n fi àrọ̀ 1,000 bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó ń ta ọmọ ẹja ní oṣù mẹ́rin péré ni, ojú-owó mi á di ìlọ́po méjì. Ẹlòmíì tó ti ṣe é rí ní kí n má dán an wò, pé oúnjẹ ẹja á jẹ owó mi tán. Ta ni kí n gbọ́? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi àdúrà dá mi lóhùn, ìṣirò ni mo ń wá.

* * *

Oníkòtò

Ẹni tó ń ta ọmọ ẹja ò fi bẹ́ẹ̀ purọ́ nípa oṣù. Àrọ̀ tó bá jẹun dáadáa nínú omi tó dára lè wọn kílò kan láàárín oṣù mẹ́rin ààbọ̀ sí mẹ́fà. Ọ̀rọ̀ owó ló ti bù mọ́ ọn. Ẹ jẹ́ ká kọ ọ́ sílẹ̀.

Iye tí mo fẹ́ lò yìí kì í ṣe iye ọjà ibì kankan, ẹ fi ti àdúgbò yín rọ́pò rẹ̀. Ká ní àpò oúnjẹ oníkílò 15 jẹ́ ₦33,000, ìyẹn ₦2,200 fún kílò kan. Ká ní àwọn alágbàtà ń ra àrọ̀ létí kòtò ní ₦3,500 kílò kan. Ẹ kó 1,000 sómi, 100 kú tàbí sọnù, 900 kù, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kílò kan. Kílò oúnjẹ 1.2 ló di kílò ẹja kan.

Oúnjẹ: kílò 1,080, àpò 72, ₦2,376,000.
Ọmọ ẹja 1,000 ní ₦100: ₦100,000.
Omi àti epo jẹnẹrétọ̀: ₦150,000.
Iyọ̀, láìmù (ìyẹ̀fun òkúta funfun tí a ń fi tún ilẹ̀ kòtò ṣe), oògùn: ₦30,000.
Ẹni tó ń bọ́ wọn fún oṣù márùn-ún: ₦200,000.

Àpapọ̀ ₦2,856,000. Ẹ pín in sí 900: kílò kan ná yín ní nǹkan bíi ₦3,173. Ẹ ta gbogbo rẹ̀, ₦3,150,000 wọlé. Èrè ₦294,000 lórí owó tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílíọ̀nù mẹ́ta. Níbo ni ìlọ́po méjì wà níbẹ̀?

Ẹ wá yí ẹyọ nọ́ńbà kan ṣoṣo padà. Kí oúnjẹ tó ń di kílò ẹja kan kúrò ní 1.2, kó di 1.5. Àpò 72 di 90. Àpò 18 tó lé yẹn jẹ́ ₦594,000. Èrè ₦294,000 ti di gbèsè ₦300,000. Ẹja tó kú ò pọ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ, owó ọjà ò sì já. Àwọn aládùúgbò á máa kí olóko kú oríire nítorí ẹja ńláńlá ló kó jáde, òun nìkan ló mọ̀ pé ojú-owó ti jó.

Nínú náírà kan tí ẹ ná sórí ẹja yìí, kọ́bọ̀ 83 ni oúnjẹ. Ibẹ̀ ni kí ẹ dojú kọ. Àwọn èèyàn á máa jà lórí ọmọ ẹja ₦80 tàbí ₦100, wọ́n á wá jù oúnjẹ sómi bí ẹni ń fọ́n àgbàdo fún adìyẹ.

* * *

Ẹni tó ń béèrè

Kí ló máa ń gbé 1.2 di 1.5? Ṣé ẹja ni àbí oúnjẹ ni?

* * *

Oníkòtò

Ọwọ́ tó ń bọ́ wọn ni, lọ́pọ̀ ìgbà.

Ọ̀nà àkọ́kọ́ ni bíbọ́ wọn ju bó ṣe yẹ lọ. Ojú kan náà ni kí ẹ ti máa bọ́ wọn, díẹ̀díẹ̀, kí ẹ dúró wò wọ́n. Bí wọ́n bá ti ń rọra gbé e dípò kí wọ́n máa já a gbà, ẹ dáwọ́ dúró. Oúnjẹ tó bá ṣì wà lójú omi lẹ́yìn ìṣẹ́jú 20, owó yín ló ń rì yẹn, yóò sì padà wá ba omi jẹ́. Ẹ má bọ́ wọn ní ìdájí. Afẹ́fẹ́ inú omi máa ń kéré jù lọ kí oòrùn tó là. Ẹ jẹ́ kí oòrùn mú díẹ̀, bí aago mẹ́jọ sí mẹ́sàn-án, lẹ́yìn náà bí aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́. Bí òjò bá ń rọ̀, ẹ fi í sílẹ̀.

Ìkejì, bí hóró oúnjẹ ṣe tóbi sí. Mílímítà 2 fún àwọn kéékèèké, kí ẹ máa gòkè sí 3, 4 àti 6 bí ẹnu wọn ṣe ń gbòòrò. Ẹni tó ń fi mílímítà 2 bọ́ ẹja 400 gíráàmù ń san owó púrótéènì tí ẹja náà kò nílò mọ́, nítorí oúnjẹ kéékèèké ló wọ́n jù.

Ìkẹta ni àìwọn ẹja. Lọ́sẹ̀ méjì-méjì, ẹ fi àwọ̀n kó bíi 50, ẹ wọ̀n wọ́n pọ̀ nínú garawa, ẹ pín in. Láti ibẹ̀ lẹ ó ti mọ iye oúnjẹ òòjọ́: ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n ara wọn nígbà tí wọ́n kéré, kó máa wálẹ̀ títí dé ìdá méjì nígbà tí wọ́n bá súnmọ́ kílò kan. Ẹni tí kò wọ̀n, àfojúdá ló ń bọ́.

Ìkẹrin, èyí tí a kì í fẹ́ sọ síta: àpò oúnjẹ tó ń gba ẹ̀yìn jáde. Ẹ kọ iye àpò tó wọlé àti èyí tó ṣófo sílẹ̀, kí àpò òfìfo sì wà lọ́wọ́ yín títí ẹ ó fi tà.

* * *

Onímíìlì

Ẹ̀gbọ́n, gbogbo ìṣirò yín dá lórí oúnjẹ olówó gọbọi. Kí ló dé tí ẹ kò sọ ti oúnjẹ tí a ń lọ̀ níbí? Sóyà sísun, èérún ẹ̀pà, ẹja lílọ̀, àgbàdo, epo pupa díẹ̀, láísìn àti mẹ́tìónìn (èròjà púrótéènì), fítámì, ká fi ìyẹ̀fun ẹ̀gẹ́ dì í pọ̀. Bí ti òkèèrè bá jẹ́ ₦2,200, a lè pò ó ní ₦1,300. Nítorí pé àwọn èèyàn ń wojú dọ́là ni wọ́n fi ń jẹ gbèsè. Láti oṣù kẹfà ọdún 2023 tí wọ́n ti tú náírà sílẹ̀, ohun tó bá gba ojú omi wọlé kì í ṣe ohun tí tálákà lè máa fi bọ́ ẹja.

* * *

Oníkòtò

Iye kílò nìkan lẹ sọ, ẹ kò sọ mélòó ló ń di ẹja. Oúnjẹ àpòṣe tó ń rì sí ìsàlẹ̀ omi, ó sábà máa ń gbà tó kílò 1.8 sí 2 kó tó di kílò ẹja kan, torí ẹ kò rí èyí tí wọn ò jẹ, omi sì ń tú apá kan rẹ̀ ká kí wọ́n tó dé ìdí rẹ̀. Ẹ ṣírò: ₦1,300 lọ́nà 1.9 jẹ́ ₦2,470. Ti òkèèrè, ₦2,200 lọ́nà 1.2, jẹ́ ₦2,640. Ìyàtọ̀ ₦170 lórí kílò ẹja kan. Lórí 900, ₦153,000. Ó dára, n kò jiyàn. Àmọ́ bí àpòpọ̀ náà bá bàjẹ́ díẹ̀ tó fi gba 2.1, ó ti di ₦2,730, ti òkèèrè ti wá dínwó jù ú. Ẹja náà á sì pẹ́ sí i nínú omi kó tó tó tà, oṣù kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹni tó ń bọ́ wọn yóò sì gba owó oṣù náà.

Ohun méjì ló ń ba ti abẹ́lé jẹ́. Sóyà tí wọn kò sun jinná: èròjà kan wà nínú sóyà tútù tí kì í jẹ́ kí ikùn ẹja fọ́ púrótéènì, iná ló ń pa á. Ìkejì ni ẹ̀pà tó ti bu. Májèlé ni bíbu yẹn nínú ẹ̀dọ̀ ẹja, bí ẹ lọ̀ ọ́ kúnná ẹ kò lè mọ̀ ọ́n mọ́. Ẹ béèrè ẹ̀pà náà kí wọ́n tó lọ̀ ọ́, kí ẹ gbóòórùn rẹ̀.

Ohun tó ń ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ẹlẹ́ja ni kí wọ́n fi èyí tó ń léfòó tọ́ wọn títí dé 300 tàbí 400 gíráàmù, kí wọ́n tó yí sí ti abẹ́lé. Ìgbà èwe ni àìtó púrótéènì kì í jẹ́ kí ẹja dàgbà; ẹni tó bá fi oúnjẹ pọ́ọ́kú bẹ̀rẹ̀, orí ẹja rẹ̀ á tóbi ju ara lọ, ìrù á tẹ́ẹ́rẹ́, kò sì sí oúnjẹ tí yóò tún un ṣe mọ́.

* * *

Onímíìlì

Mo gbà fún yín lórí ìgbà èwe. Àmọ́ 2.1 tí ẹ sọ yẹn, ti àwọn tó ń da oúnjẹ sílẹ̀ ni. Bí ẹ bá rì férémù onígi kan tí wọ́n ta àwọ̀n kéékèèké sí nídìí sínú omi, tí ẹ da oúnjẹ sí orí rẹ̀, ẹ lè fà á sókè lẹ́yìn ìdajì wákàtí kí ẹ wo èyí tó ṣẹ́kù. Ti abẹ́lé náà lè dé 1.7.

* * *

Oníkòtò

Ó lè dé e. Èèyàn mélòó ló ń fa férémù náà sókè?

* * *

Onítapólì

Èmi ò tiẹ̀ mọ ìdí tí ẹni tó ní púlọ́ọ̀tì kan ààbọ̀ fi ní láti gbẹ́ ilẹ̀. Tapólì tó gùn ní mítà 5, tó fẹ̀ ní mítà 4, omi inú rẹ̀ ga ní mítà kan, ó gba lítà 20,000. Àrọ̀ 1,000 wọ inú rẹ̀, 50 nínú kúbíìkì mítà kan. Ọjọ́ kan lẹ ó fi kan férémù rẹ̀. Kò sí ejò, kò sí awọ́nríwọ́n, kò sí ẹyẹ apẹja, ẹ sì ń rí ẹja yín. Bí ẹ bá fẹ́ kó kúrò níbẹ̀ lọ́la, ẹ ká a.

* * *

Oníkòtò

Òótọ́ ni gbogbo ìyẹn. Ẹ fi omi kún un. Lítà 20,000, nígbà tí ẹja bá kọjá ìdajì kílò, ẹ ó máa pààrọ̀ rẹ̀ ní ọjọ́ méjì-méjì, tó bá yá lójoojúmọ́. Omi wo ló ń gbé e? Kànga ẹ̀rọ. Kí ló ń fa ẹ̀rọ? Epo. Níbo sì ni omi ìdọ̀tí yẹn ń ṣàn sí tí àwọn aládùúgbò kò fi ní pariwo? Àrọ̀ ní ẹ̀yà ara tó fi ń mí afẹ́fẹ́ òkè, ìdí nìyẹn tó fi ń gba kí á kó o jọ bẹ́ẹ̀. Ẹpìyà kò lè gbà á láéláé. Ṣùgbọ́n mímí afẹ́fẹ́ òkè kò ní kí amóníà, májèlé inú omi tó ti dọ̀tí, má jó ẹ̀yà tó fi ń mí nínú omi. Ó wà láàyè, kò fẹ́ jẹun, oúnjẹ sì ń ṣòfò: 1.2 ti ń di 1.5 nìyẹn, láìsí ẹyọ ẹja kan tó kú.

Inú kòtò ilẹ̀, omi ń wo ara rẹ̀ sàn dé ìwọ̀n kan. Ewéko tín-tìn-tín inú omi ń jẹ ìdọ̀tí, ẹja náà ń rí kòkòrò jẹ láfikún. Kòtò tó gùn ní mítà 20, tó fẹ̀ ní 10, tí omi rẹ̀ jìn ní mítà kan sí mítà kan àti sẹ̀ǹtímítà 20, ó gba 1,000 pẹ̀lú ìrọ̀rùn, márùn-ún nínú mítà onígun mẹ́rin kan. Ọ̀pọ̀ á kó 2,000 síbẹ̀ bí omi bá ń wọlé tó ń jáde. Owó gbígbẹ́ ló pọ̀, àwọn èèyàn kì í sì í kà á mọ́ owó ẹja. Ká ní ó ná yín ní mílíọ̀nù kan, tó máa lò fún ọdún márùn-ún kó tó nílò àtúnṣe ńlá, ìkórè méjì lọ́dún: ₦100,000 lórí ìkórè kọ̀ọ̀kan. ₦294,000 wa ti di ₦194,000. Tapólì náà ní tirẹ̀ o. Oòrùn ń mú un gbó.

Ẹni tí kò ní ju ẹ̀yìnkùnlé lọ, kó lo tapólì. Ẹni tó ní amọ̀ àti odò, kí ló fẹ́ fi epo pọn omi fún?

* * *

Onítapólì

Ẹ̀yin náà kò sọ ti ìkún omi. Odò yẹn nísàlẹ̀ ilẹ̀. Oṣù kẹfà sí keje, òjò kan péré, àrọ̀ ti di ti gbogbo ìlú.

* * *

Oníkòtò

Ibẹ̀ lẹ ti mú mi. Ẹni tó béèrè, ẹ gbọ́ èyí dáadáa.

Ẹ má gbẹ́ kòtò sétí odò gan-an. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn àgbà àdúgbò ibi tí omi gùn dé rí, ẹ wá sún sókè ju ibẹ̀ lọ. Kí odò máa bọ́ kòtò láti òkè, kí kòtò máa tú omi dànù sísàlẹ̀, láìlo ẹ̀rọ bí ilẹ̀ bá gbà bẹ́ẹ̀.

Ilẹ̀: ẹ bu amọ̀ láti ìsàlẹ̀ mítà kan, ẹ rọ̀ ọ́ bí bọ́ọ̀lù, ẹ jù ú sókè, ẹ gbá a mú. Bí ó bá fọ́ yángá, yanrìn ló pọ̀ jù níbẹ̀. Ẹ gbẹ́ ihò kan tó mu yín dé ìbàdí, ẹ pọn omi kún un ní àárọ̀, ẹ tún kún un ní ìrọ̀lẹ́. Bí omi kejì bá ṣì wà níbẹ̀ títí di ọjọ́ kejì, ẹ máa gbẹ́ lọ.

Bèbè: kí ògiri ga ju ojú omi lọ ní nǹkan bí ìdajì mítà, kí inú rẹ̀ dàgẹ̀rẹ̀, kó má dúró ṣánṣán, kí òjò má baà wó o. Kí ìdí kòtò dàgẹ̀rẹ̀ sí ọ̀nà tí omi ń gbà jáde. Páìpù tó ń tú omi jáde, ẹ fi ìgúnpá páìpù sí i nídìí, kó ṣeé yí. Bí ẹ bá yí i wálẹ̀, omi á gbẹ. Bó bá dúró, gíga rẹ̀ ni omi yóò dúró sí. Àwọ̀n ni kó wà lẹ́nu méjèèjì. Ẹ tún fi àwọ̀n yí bèbè ká, torí ní alẹ́ tí òjò bá ń rọ̀, àrọ̀ máa ń fi ikùn wọ́ jáde, kò nílò ìkún omi.

Kí omi tó wọlé, láìmù kílò 20 sí 40 lórí kòtò oní-mítà 200 yẹn, bí ilẹ̀ bá ṣe kan sí. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ìgbẹ́ adìyẹ gbígbẹ bíi kílò 10. Omi á di àwọ̀ ewé. Ẹ ki ọwọ́ bọ̀ ọ́: bí ẹ kò bá rí àtẹ́lẹwọ́ yín mọ́ kí omi tó dé ìgúnpá, ó ti ki jù, ẹ dá ìgbẹ́ dúró, ẹ tú díẹ̀ dànù kí ẹ fi tútù kún un.

* * *

Alárọ̀ Tútù

Ẹ ti gbẹ́ kòtò tán, ẹ ti pò oúnjẹ tán. Ọmọ mi, ta ni yóò rà á lọ́wọ́ rẹ? Ọ̀pọ̀ yín máa ń pè wá nígbà tí ẹja ti ń jẹ owó yín lọ́rùn, ẹ wá ń bẹ̀ wá. Ẹni tó ń bẹ̀ kì í dá iye.

Wá bá wa ní oṣù kẹta ẹja rẹ, kí a wá wò ó. Oríṣi oníbàárà ló wà. Àwọn tó ń se ọbẹ̀ ata nílé ọtí, kílò kan sókè ni wọ́n ń wá, oníbàárà á fọwọ́ tọ́ka sí èyí tó wù ú. Ìyàwó ilé, ó fẹ́ èyí tí méjì rẹ̀ fi ń wọn kílò kan. Àwọn tó ń yan ẹja, àwọn kéékèèké ni tiwọn, owó rẹ̀ sì kéré. Bí o bá kó gbogbo rẹ̀ pọ̀ láìṣà, iye ti kékeré la máa fún ọ lórí gbogbo rẹ̀. Ọjà ni.

Má bọ́ wọn ní ọjọ́ tó ṣáájú ìkórè. A mọ ikùn tó kún. Ẹni tó bá fi oúnjẹ gbé ìwọ̀n ga, a kì í padà wá. Ẹja tí ikùn rẹ̀ kún máa ń tètè kú lójú ọ̀nà, òkú àrọ̀ kì í sì í ṣe owó àrọ̀ ààyè.

* * *

Oníkòtò

Ìyá, ẹ sọ̀rọ̀ òṣùwọ̀n pẹ̀lú.

* * *

Alárọ̀ Tútù

Kí ni kí n sọ? Ẹni tó bá rò pé òṣùwọ̀n wa kò pé, kó gbé tirẹ̀ wá. Gbé àpò oúnjẹ tí o kò tíì tú kọ́ ọ lórí. Bó bá fi 15 hàn, ẹ jọ máa bá iṣẹ́ lọ. Kí owó sì wọlé kí ẹja tó jáde. Àwìn ẹja kì í pẹ́ di ẹjọ́.

* * *

Ẹni tó ń béèrè

Ẹ ṣé, ìyá. Ṣé kí n dúró di oṣù Kejìlá kí n tó tà? Gbogbo èèyàn ní ọdún Kérésì ni owó wà.

* * *

Alárọ̀ Tútù

Gbogbo èèyàn náà ló ń dúró dè é. Ẹni tó bá ta ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú ọdún rí owó. Ẹni tó bá ṣì ní ẹja nínú omi ní oṣù kìíní, owó ilé ẹ̀kọ́ ọmọ ni àwọn oníbàárà ń wá kiri nígbà yẹn, kì í ṣe ẹja.

* * *

Oníkòtò

Ẹ tún jẹ́ kí n fi ìṣirò tì í. Ẹja 900 tó ti wọn kílò kan, ní ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún, ń jẹ kílò 18 lóòjọ́: ₦39,600. Nígbà tó bá ti tó bẹ́ẹ̀, kò fi ara jẹ ẹ́ mọ́ bíi ti àtẹ̀yìnwá. Ká ní ó ti ń gba kílò méjì kó tó fi kílò kan kún un. Kílò 9 ló wọlé, ₦31,500. Ojoojúmọ́ tí ẹ fi ń dúró de owó tó dára, ₦8,100 ń lọ. Lọ́sẹ̀ mẹ́ta ó ti lé ní ₦170,000. Ẹ lè dín oúnjẹ kù, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n àrọ̀ tí ebi ń pa kì í wo ojú ẹnikẹ́ni.

Èyí ló mú wa dé ọ̀rọ̀ ìkú. Ẹ máa ń gbọ́ pé ìdá mẹ́wàá ló kú, bí ẹni pé gbogbo òkú dọ́gba. Ẹja tó kú lọ́sẹ̀ kejì, ₦100 ló bá a lọ. Èyí tó kú ní 700 gíráàmù ti jẹ tó nǹkan bí kílò 0.8, ₦1,760 ti wà nínú rẹ̀. 50 irú rẹ̀, ₦88,000 nínú oúnjẹ nìkan. Nítorí náà, bí ẹ bá fẹ́ sáré fún ẹja tó ń kú, oṣù tó kẹ́yìn ni kí ẹ sáré jù. Bí ẹ bá rí wọn tí wọ́n ń kóra jọ sẹ́nu ibi tí omi ń gbà wọlé, tàbí tí wọ́n ń dúró ṣánṣán bí igi nínú omi, ẹ má da oògùn sí i kí ẹ tó mọ̀ ọ́n. Ẹ dá oúnjẹ dúró, ẹ pààrọ̀ omi. Omi ló máa ń jẹ́ lọ́pọ̀ ìgbà.

Àwọn tó sì ń sọnù láìsí òkú, ara wọn ni wọ́n ń jẹ. Láàárín oṣù méjì àkọ́kọ́, lọ́sẹ̀ méjì sí mẹ́ta, ẹ ṣà wọ́n. Ṣúútà máa ń wà níbẹ̀, èyí tó ṣáájú ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ fíìì. Bí ẹ bá fi í sílẹ̀, yóò fi ọ̀gọ̀ọ̀rọ̀ ṣe oúnjẹ. Ẹni tó ní kòtò kan ṣoṣo kò ní ibi tó máa kó ṣúútà sí. Àwọ̀n ńlá tí wọ́n rán bí àpótí, tí wọ́n so mọ́ òpó mẹ́rin nínú kòtò náà, ti tó fún un.

* * *

Ẹlòmíì

Ẹ dákun, ẹpìyà ńkọ́? Ẹ kò dárúkọ rẹ̀ àfi lẹ́ẹ̀kan.

* * *

Oníkòtò

Ẹpìyà dára lójú ọbẹ̀, àmọ́ nínú kòtò ó máa ń bímọ kó tó dàgbà. Ẹ kó 500 sí i, láàárín oṣù díẹ̀ ẹ ó rí ẹgbẹẹgbẹ̀rún tí kò tó àtẹ́lẹwọ́, gbogbo wọn ń pín oúnjẹ kan náà jẹ. Ọ̀nà àbáyọ ni kí ẹ ra akọ nìkan, èyí tí wọ́n fi họ́mónù sínú oúnjẹ rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin nígbà tó ṣì kéré, tàbí kí ẹ kó àrọ̀ díẹ̀ sáàárín wọn kí ó máa jẹ ọmọ. Lẹ́yìn ìyẹn ẹ ó bá ẹja yìnyín jìjàdù lọ́jà: títù, kótè, ṣáwà, pánlá. Àrọ̀ ní ẹ̀bùn kan tí ẹpìyà kò ní, ó máa ń dé ọjà láàyè nínú kẹ́ẹ̀gì tí omi inú rẹ̀ kò bò ó. Orí ìyẹn ni ìyàtọ̀ iye rẹ̀ wà.

* * *

Onímíìlì

Bí owó ẹja tútù bá já, ẹ kò lè yan án?

* * *

Oníkòtò

Wọ́n máa ń sọ ọ́ bí ẹni pé yíyan jẹ́ àṣírí. Kílò tútù kan, bí ó bá gbẹ dáadáa, kò ju bí 300 gíráàmù lọ. Bí tútù bá jẹ́ ₦3,500, ẹja tó wà nínú kílò gbígbẹ kan ti tó ₦11,667 kí ẹ tó ra igi tàbí èédú, kí ẹ tó sanwó fún ẹni tó ń yí i. Bí ọjà yín kò bá ra kílò gbígbẹ ju iye yẹn lọ dáadáa, èéfín lẹ kàn ń fín. Èyí tó tọ́ láti yan ni àwọn tí kò dàgbà, tí alágbàtà fẹ́ gbà ní ìdajì owó.

* * *

Ẹni tó ń béèrè

Ó ti yé mi pé 1,000 kò lè di ìlọ́po méjì. Ṣé kí n wá kó 3,000 kí èrè lè pọ̀?

* * *

Oníkòtò

Ọ̀rọ̀ yẹn ní òótọ́ nínú. Ẹni tó ń bọ́ 1,000 lè bọ́ 3,000 láìgba owó kún owó. ₦200,000 rẹ̀ lórí kílò 900 jẹ́ ₦222 lórí kílò kan. Lórí 2,700 ó di ₦74. Ìdí nìyẹn tí àwọn ẹlẹ́ja fi ń kóra jọ. Ẹ lọ wo Èrìwé lẹ́bàá Ìjẹ̀bú-Òde, tàbí ibùdó ẹja Odòguyàn níbẹ̀ lọ́dọ̀ yín ní Ìkòròdú: kòtò tó sún mọ́ra, tí ọkọ̀ oúnjẹ kan lè bọ́ gbogbo wọn, tí alágbàtà mọ̀ pé bí òun bá dé, òun kò ní padà lófìfo. Ní Èrìwé, ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ni wọ́n gbé e lé lórí.

Àmọ́ 3,000 ń jẹ àpò 216. Níbo ni owó yẹn wà? Ó ju ìdajì lọ nínú rẹ̀ tó jẹ́ pé oṣù méjì tó kẹ́yìn ni wọ́n máa jẹ ẹ́. Ìdí tí ọ̀pọ̀ fi ń ṣubú ní oṣù kẹta nìyẹn: owó tán, ẹja sì wà ní 300 gíráàmù, kò tíì tó tà fún ilé ọtí, ó sì ti tóbi ju ohun tí a lè fi ìdin àti àjẹkù bọ́. Wọ́n á tà á ní ẹdinwó tàbí kí wọ́n máa bọ́ ọ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, tí ẹja ń jẹ ara wọn.

Nítorí náà, kí ẹ ka owó oúnjẹ tó wà lọ́wọ́ yín kí ẹ tó ka ọmọ ẹja. Ẹ pín in sí ₦2,640, ìyẹn owó oúnjẹ tó ń di kílò ẹja kan, kí ẹ yọ díẹ̀ sílẹ̀ nítorí àpò máa ń gbówó lórí kí ẹ tó kórè. Ẹni tó ní mílíọ̀nù kan àti ààbọ̀ fún oúnjẹ nìkan, 500 ni kó kó. Kó fi èyí kọ́ bí ọwọ́ rẹ̀ ṣe ń bọ́ ẹja, kó mọ̀ bóyá 1.2 ni tàbí 1.5.

Tí ẹ bá sì fẹ́ ta ṣáájú Kérésì, oṣù keje ni ọmọ ẹja yóò wọ omi. Kòtò gbọ́dọ̀ ti parí kí òjò tó dé, torí amọ̀ tí òjò ń rọ̀ sí kò ṣeé gún mọ́lẹ̀. Kí ẹ tó pe ẹnikẹ́ni wá gbẹ́ ohunkóhun, ẹ lọ wo odò yín ní òpin ọ̀gbẹlẹ̀, oṣù kejì sí ẹ̀kẹta. Bó bá ti gbẹ nígbà yẹn, kànga ẹ̀rọ ni ẹ ó máa fi bọ́ kòtò, owó epo ₦150,000 tí mo kọ sókè yẹn kò ní tó.

* * *

Onítapólì

Tó bá gbẹ, ẹ wá bá mi ra tapólì.